Bí Mo Ṣe Gba Sólà Ilé Ìgbẹ̀bí Wa Lọ́wọ́ Ọba Ọ̀sángangan

Ẹ yọ fóònù yín lára iná yẹn ná. Mo ní kí ẹ yọ ọ́! Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn lẹ́nu ọdẹ kì í fi ojú kan wo ọdẹ kó fi èkejì wo fóònù. Ojoojúmọ́ ni ẹ ń wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí yìí láti wá gba iná ọ̀fẹ́, kò sì sí ọ̀kan nínú yín tó bi mí rí bí àwọn awo dúdú tó ń dán lórí òrùlé yìí ṣe débẹ̀. Ẹ rò pé òjò ló rọ̀ wọ́n sílẹ̀ ni? Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ló lọ gbà wọ́n wá, ẹnu mi yìí ló sì jà fún wọn. Ẹ jókòó. Ẹni tí kò bá rí àga, kó jókòó sílẹ̀. Ẹni tó jókòó sílẹ̀ kò tún ní ibi tí yóò ṣubú sí mọ́.

Èmi ni Ọdẹ́gbèmí tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀rù-Ò-Bodò. Ọdẹ ni bàbá mi, ọmọ ọdẹ ni ìyá mi. Mo ti bá ẹfọ̀n wọ̀yá ìjà rí ní ọjọ́ tí ìbọn mi kọ̀ tí kò dún, ẹfọ̀n náà ló sì kọ́kọ́ bẹ̀ mí. Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín nídìí ògiri yẹn, mo rí ọ o. Rín in dáadáa, torí kò ní pẹ́ tán lẹ́nu rẹ.

Nígbà tí mò ń wí yìí, ilé ìgbẹ̀bí Àtẹ́lẹwọ́ kò rí báyìí. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìlú wa ló kọ́ ọ, wọn kì í sì í jẹ èrè kankan lórí rẹ̀. Olórí wọn ni Fẹ̀hìntọlá tí gbogbo yín ń pè ní Ìyá Agbẹ̀bí. Fìríìjì kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi oògùn pamọ́ sí, àgàgà abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn ìbímọ. Abẹ́rẹ́ yẹn kò fẹ́ ooru rárá. Bí ooru bá pa á, omi lásán ló kù nínú ìgò. Jẹnẹrétọ̀ àlòkù kan ló sì ń gbé fìríìjì náà. Bí epo bá wà, jẹnẹrétọ̀ á bàjẹ́. Bí wọ́n bá tún un ṣe, epo á di ọ̀wọ́n.

Ní ọdún kan ni ìwé dé láti ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ẹ mọ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ wa kò sí nítòsí. Ẹ̀yìn igbó iwin ló wà, ní Ìlú Ọ̀sángangan, níbi tí oòrùn kì í ti í yẹ̀ kúrò ní àtàrí. Ìwé náà sọ pé Ọba Ọ̀sángangan fẹ́ ṣe ìrànwọ́. Ó ní kí gbogbo ẹni tó ní ilé iṣẹ́ àti gbogbo ẹgbẹ́ tí ń ṣe àánú láìjèrè kọ fọ́ọ̀mù wá, òun yóò fún wọn ní sólà àti bátìrì. Onísòwò yóò san ìdajì, ẹgbẹ́ aláàánú kò ní san kọ́bọ̀.

Rájí alọta ló kọ́kọ́ kọ tirẹ̀. Wọ́n bi í pé abọ́ ata mélòó ló ń lọ̀ lójúmọ́. Ó jókòó, ó kà wọ́n, ó kọ ọ́. Oṣù mẹ́ta kò pé tí sólà fi dé orí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ ń kùn láìmu epo. Ṣé ẹ rí i, ata kò ní bàbá tí yóò bínú pé wọ́n ka ọmọ òun.

Fọ́ọ̀mù àwọn obìnrin ní tirẹ̀ bèèrè pé: ọmọ mélòó ni ẹ ti gbẹ̀bí rẹ̀ nínú ilé yìí? Ìyá Agbẹ̀bí mọ̀ ọ́n. Ìgbàkígbà tó bá gé ìwọ́ ọmọ, á ju ekùrọ́ kan sínú ìkòkò. Ó da ekùrọ́ náà sílẹ̀, ó kà á, ó sì kọ iye rẹ̀ sí ààyè rẹ̀ lórí ìwé. Wọ́n wá gbé ìwé náà wá fún àwa àgbààgbà kí a tẹ̀ka sí i.

Mo rí iye náà, inú sì bí mi. Mo ní, "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ! Ta ló kọ́ yín ní irú èyí?" Mo fi ọwọ́ ara mi ya ààyè yẹn kúrò lára ìwé, mo sì fi í tan ìkòkò tábà mi. Ìyá Agbẹ̀bí kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ìwé nìkan ni wọ́n fi ń rí wa lọ́hùn-ún. Bí ààyè yẹn bá ṣófo, wọn á ní a ò ṣe nǹkan kan." Mo ní kí wọ́n fi ojú ara wọn wá wo àwọn ọmọ, àbí afọ́jú ni wọ́n? Àwọn àgbà tó kù pàtẹ́wọ́ fún mi, mo sì ń fẹ èéfín tábà bí ọba. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ihò lára. Wọ́n mú ìwé náà dání lọ́hùn-ún, èsì kékeré kan ni wọ́n fi ránṣẹ́ padà: "Ilé yìí kò gbẹ̀bí."

Nínú ọdún yẹn ni Ọdẹ́bùnmi, àkọ́bí mi, wọ ilé yìí láti bímọ. Ọjọ́ kẹta rèé tí jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́. Ọmọ bọ́ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tẹ̀lé e, kò sì dá. Ìyá Agbẹ̀bí gún un ní abẹ́rẹ́, omi ló gún un. Ìyálẹ̀ta ni ọmọ mi kú. Oòrùn ń ràn lórí òrùlé ilé yìí lọ́jọ́ náà, ó mú débi pé àwọn adìẹ sá sábẹ́ àká. Iná tó lè gba ọmọ mi là wà lórí páànù, kò sí ohun tí a ó fi gbà á. Ọmọ tó bí náà tẹ̀lé e lọ ní ọjọ́ kẹta.

Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé èmi ni mo fà á. Àwọn àgbà ti bo ọ̀rọ̀ ìwé yẹn mọ́lẹ̀, a kì í sì í la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ àgbà lójú ní ìlú wa. Ṣùgbọ́n mo mọ̀.

Nígbà tó di ọdún kejì, Àṣàkẹ́, àbúrò Ọdẹ́bùnmi, lóyún. Nígbà tí oyún náà wọ oṣù keje, mo gbé ìbọn, mo wọ gbẹ̀rì ọdẹ mi, mo sì lọ bá Ìyá Agbẹ̀bí pé kó fún mi ní fọ́ọ̀mù tuntun, èmi fúnra mi ni yóò gbé e lọ sí Ọ̀sángangan. Ó kọ gbogbo rẹ̀ tán, ó fi ààyè iye ọmọ sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá ọdẹ, ẹ̀yin lẹ ya ti àkọ́kọ́. Ẹ̀yin náà lẹ ó mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀." Ohùn rẹ̀ tutù, ọ̀rọ̀ náà sì gún mi ju ẹ̀gún lọ.

Àṣàkẹ́ sìn mí dé ẹ̀yìn odi. Ó ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ̀yin fi ń lọ? Ṣebí àwọn obìnrin ló ni ìwé." Mo ní mo fẹ́ na ẹsẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Ẹ̀rù-Ò-Bodò, ẹ gbọ́ o: ọmọ tí mo bí lọ́mọ bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ẹ̀rù bà mí, mo purọ́. Mo wọ igbó lọ.

Igbó Ariwo ni mo kọ́kọ́ kàn. Ẹyẹ kì í ké níbẹ̀, torí kò sí ẹyẹ tó lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ní àárín igbó náà ni Pùkẹ̀pùkẹ̀ wà, iwin abikùn-irin tí èéfín dúdú ń jáde ní ihò imú rẹ̀, tí okùn gígùn kan sì ń fì ní ìdodo rẹ̀. Àwọn ènìyàn láti ìlú oríṣiríṣi tò lọ rẹrẹ níwájú rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì epo lórí, wọ́n ń bu epo sí i lẹ́nu láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bí ó bá ti mu epo tán, á kígbe, ilẹ̀ á mì, gílóòbù kan ṣoṣo tó wà lórí rẹ̀ á sì tàn rúmọ́rúmọ́. Gbogbo ìyà yẹn, nítorí gílóòbù kan!

Ó rí mi. Ó ní, "Ọmọ ènìyàn, níbo lò ń lọ?" Mo ké sí i ní etí pé Ọ̀sángangan ni mò ń lọ, mo fẹ́ gba sólà. Bí ó ti gbọ́ ọ, ó pọ èéfín bí ilé tó ń jó. Ó ní, "Oòrùn! Oòrùn tí kì í mu epo! Bí gbogbo yín bá ń gba iná lọ́wọ́ oòrùn, ta ni yóò máa bọ́ mi? Gba kẹ́ẹ̀gì yìí, kí o sì wá fa okùn mi!"

Ọdẹ mìíràn ì bá yìnbọn. Ṣùgbọ́n ikùn irin ni, ọta á ta padà bá ẹni tó yìn ín. Mo gba kẹ́ẹ̀gì náà lọ́wọ́ rẹ̀ tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀, mo gbé e kalẹ̀, mo sì jókòó lé e. Ó kígbe mọ́ mi. Mo yọ iṣu sísun láti inú àpò mi, mo ń jẹ ẹ́. Ó fi èéfín bò mí lójú, mo wúkọ́, mo sì tún bu iṣu jẹ. Obìnrin kan tó wà nínú ìlà wò mí, ó wo kẹ́ẹ̀gì orí rẹ̀, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó jókòó lé e. Ẹni tó tẹ̀lé e ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó tún tẹ̀lé e náà ṣe bẹ́ẹ̀. Iwin náà ń bú ramúramù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bu epo sí i lẹ́nu mọ́. Nígbà tó yá, igbe náà di ikọ́: pùkẹ̀, pùkẹ̀, pùkẹ̀, pù. Ó dákẹ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ kò tíì gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ rí. Ọkùnrin kan pe orúkọ ara rẹ̀ sókè, ó bú sẹ́kún, ó ní ọdún méjìlá rèé tí òun ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Ọdẹ wo nínú gbogbo àwọn tí ẹ mọ̀ ló pa iwin nípa jíjẹ iṣu? Ẹ dárúkọ rẹ̀ kí n gbọ́! Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọ ni, orúkọ mi sì ti dé igbó yẹn títí ayé.

Lẹ́yìn igbó náà ni mo dé Ìlú Ẹ-Jókòó-Ná. Àwọn tó fẹ́ dé Ọ̀sángangan gbọ́dọ̀ gba ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjá, ìyá arúgbó kan ló sì ń ṣọ́ ilẹ̀kùn náà. Bẹ́ǹṣì ló kún ìlú náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ènìyàn sì kún orí bẹ́ǹṣì, olúkúlùkù pẹ̀lú fọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìyá náà kí mi tẹ̀rín-tọ̀yàyà. "Ẹ kú ìrìn o, bàbá ọdẹ. Ọ̀nà jìn. Ẹ jókòó ná, ẹ fi ara balẹ̀."

Ẹ wò ó, ní ilé wa, bí àgbà bá ní kí ènìyàn jókòó, àlejò tó bá kọ̀ ti rí i fín. Ìdí mi ti ń sọ̀kalẹ̀ kí n tó mọ̀! Ṣùgbọ́n bí mo ti fẹ́ kan bẹ́ǹṣì, mo rí ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìdí rẹ̀ ti ta gbòǹgbò wọnú igi. Ewédò ti hù lórí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Mo bi í pé ìgbà wo ló ti dé, ó ní, "Wọ́n ní wọ́n ń bọ̀ wá pè mí." Mo fò dìde bí ẹni tí tanpẹ́pẹ́ ta.

Ìyá náà fajú ro. Ó ní, "Ẹ ò ní ẹ̀kọ́ ilé."

Mo ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Ẹ̀kọ́ ilé mi wà nílé, ó ń ṣọ́ aboyún."

Ó ní, "Ó dára. Ẹ ó já àlọ́ mi. Bí ẹ bá já a, ẹ kọjá. Bí ẹ kò bá lè já a, ẹ jókòó. Kí ni ó wọ ààfin tí kò dọ̀bálẹ̀, tí ó wọ ahéré tí kò kan ilẹ̀kùn?"

Mo ní, "Oòrùn ni. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń rìn."

Ó ní, "Ẹyọ kan kù. Kí ni ó rọrùn láti gbé kalẹ̀, tí gbogbo ìlú kò sì lè gbé dìde?"

Mo wo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì lọ títí. Mo ní, "Ẹni tí ẹ ní kó jókòó ná."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, bàbá ọdẹ. Orí ìjókòó ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n mọ̀ ọ́n ni." Ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Kí n tó kọjá, mo gbá ọkùnrin olóko ewédò yẹn mú ní apá méjèèjì, mo fà á. Gbòǹgbò já pá-pà-pá. Ó bú mi, ṣùgbọ́n ó dìde, ó sì ń tẹ̀lé mi lẹ́yìn.

Bí mo ṣe dé Ọ̀sángangan nìyẹn. Oòrùn dúró sí àárín orí ìlú náà bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́bẹ̀. Ènìyàn kò ní òjìji níbẹ̀, igi kò ní òjìji, ìbòòji kò sí. Gíláàsì ni ògiri, gíláàsì ni òrùlé. Akọ̀wé ìjọba jókòó sídìí tábìlì gígùn. Ojú méjìlá ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń ka nǹkan tirẹ̀. Ọ̀kan ń ka irun àgbọ̀n mi, òmíràn ń ka èékánná mi. Kíkà-Ni-Mo-Mọ̀ ni orúkọ rẹ̀.

Ó gba fọ́ọ̀mù. Ó ní, "Ọmọ mélòó?"

Mo ní, "A kì í kà wọ́n."

Ó ní, "Òfo nìyẹn. Ilé yìí kò gbẹ̀bí." Ó sì gbé òǹtẹ̀ sókè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Mo mọ iye náà. Mo ti rí i lórí ìwé àkọ́kọ́ kí n tó ya á, kò sì kúrò lórí mi láti ọjọ́ náà. Mo la ẹnu kí n sọ ọ́, ahọ́n mi kọ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé ẹni tó bá ka ọmọ, ó ń nà wọ́n sí ayé ni, kí ayé lè dín wọn kù. Mo rántí Àṣàkẹ́ àti ikùn rẹ̀. Mo rò ó pé ó di dandan kí nǹkan kan wà ní ààyè náà. Òǹtẹ̀ ti ń bọ̀ wálẹ̀.

Mo lu tábìlì gbì. Mo ní, "Dúró! Alààyè ni a kì í kà. Òkú kò ní ohun tí ayé lè dín kù mọ́ lára wọn. Mú kálámù rẹ, kí o máa kọ ọ́. Ọ̀kan: Ọdẹ́bùnmi, ọmọ mi, tí wọ́n gún ní omi nítorí fìríìjì gbóná. Èjì: ọmọ tó bí, tí a kò tíì sọ lórúkọ. Ẹ̀ta: Tinúọlá, ìyàwó Rájí alọta. Ẹ̀rin..." Mo kà á dé mẹ́sàn-án, ohùn mi kò gbọ̀n. Gbogbo ojú akọ̀wé náà ń ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kò sí ààyè òkú lórí fọ́ọ̀mù. Mo ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà sí i.

Ariwo wa ló mú Ọba Ọ̀sángangan jáde. Ẹnikẹ́ni kì í wo ojú rẹ̀ torí ìmọ́lẹ̀. Mo wò ó! Títí di òní yìí ni omi ń dà lójú mi òsì, ẹni tó bá ní irọ́ ni kó wá wò ó. Ọba gbé ìwé wa àtijọ́ dání, èyí tó ní ihò. Ó ní, "Ta ló ya èyí?"

Bí ẹlẹ́bi bá mọ ẹ̀bi rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní, "Kábíyèsí, èmi ni."

Ó ní, "Ìwọ tí o ya á lo tún wá ń lu tábìlì mi?"

Mo ní, "Èmi náà ni. Mo ya ìwé, ọmọ mi kú, mo ti gba tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin rí ihò lára ìwé, ẹ kò rán ẹnì kan ṣoṣo kó wá wo ohun tó fà á. Ojoojúmọ́ ni oòrùn yín ń dé òrùlé ilé yẹn. Ó ń rí àwọn aboyún tó ń wọlé, ó ń rí àwọn tó ń gbọ́mọ jáde. Oòrùn yín rí i, ẹ̀yin ní kò gbẹ̀bí! Mi ò tọrọ o. Ẹ̀yin lẹ polongo ìrànwọ́ fún ẹgbẹ́ tí kò jèrè. Ẹgbẹ́ náà rè é, iṣẹ́ wọn rè é. Mo wá gbà á, mi ò sì ní jókòó títí n ó fi gbà á."

Ọba ní òfin ni òfin. Nígbà náà ni mo bọ́ gbẹ̀rì ọdẹ mi, mo na án sórí ìbọn àti ọ̀pá ìrìn mi, mo gbé e sókè. Ìbòòji bọ́ sílẹ̀ ní Ọ̀sángangan fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó tutù, ó ṣókùnkùn díẹ̀, ó tó ẹni mẹ́fà. Àwọn akọ̀wé wò ó. Ọ̀kan fi àga rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Òmíràn tẹ̀lé e. Kò pẹ́ tí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba fi ń ti ara wọn lábẹ́ gbẹ̀rì tó ti gbó. Ọkùnrin tó tẹ̀lé mi láti orí bẹ́ǹṣì ń tò wọ́n sórí ìlà, ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ní sùúrù, wọn yóò pè wọ́n.

Ọba ní, "Ọdẹ, ká aṣọ rẹ!"

Mo ní, "Kábíyèsí, ẹ kọ́kọ́ tún fọ́ọ̀mù yín ṣe."

A dúró bẹ́ẹ̀, èmi àti òun. Apá mi ń ro mí, mo sì ń yọ eyín sí i. Nígbẹ̀yìn, ó gba kálámù lọ́wọ́ akọ̀wé, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí ààyè iye ọmọ pé: "Ẹ lọ wò ó kí ẹ tó kọ̀ ọ́." Ó ní kí wọ́n kó awo sólà mẹ́jọ àti bátìrì mẹ́rin fún mi. Àwọn iwin Ọ̀sángangan ló rù wọ́n dé ẹ̀yìn odi wa, kò sì sí ohun tó dí wa lọ́wọ́ lọ́nà.

Gbogbo ìlú ló fi ọ̀wẹ̀ gbé wọn gun òrùlé. Rájí alọta ló ṣáájú wọn, torí ó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń so ó. Ní ọjọ́ tí fìríìjì kọ́kọ́ tutù, tí àwọn obìnrin ń jó, mo lọ bá Àṣàkẹ́ níbi tó ti ń fọ aṣọ ọmọ sílẹ̀. Mo ti sọ ọ́ lójú ọba, kí ló tún kù tí ń bà mí lẹ́rù?

Mo ní, "Àṣàkẹ́, èmi ni mo ya ìwé àwọn obìnrin lọ́jọ́sí. Nítorí rẹ̀ la ò ṣe rí sólà gbà. Nítorí rẹ̀ ni oògùn ẹ̀gbọ́n rẹ fi bàjẹ́."

Ó dìde. Ó fún omi aṣọ náà tán, ó sá a, ó wọlé lọ. Ọmọ tó máa ń kúnlẹ̀ kí mi ní òwúrọ̀ kò kí mi fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Mi ò bá a wí. Kí ni mo fẹ́ wí?

Ọjọ́ tí ìrọbí mú un, mo dúró sídìí fèrèsé yìí gan-an, láti òwúrọ̀ kùtù. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, mo gbọ́ ẹkún ọmọ. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí Ìyá Agbẹ̀bí ké pe olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù! Ẹ gbé abẹ́rẹ́ wá!" Irú ọ̀rọ̀ kan náà tó sọ lórí Ọdẹ́bùnmi. Mo di irin fèrèsé mú. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn fìríìjì ṣí. Mo rí ìgò náà lọ́wọ́ obìnrin tó gbé e kọjá, ó tutù débi pé ó ń làágùn. Mo dúró. Mi ò mọ bí ó ti pẹ́ tó. Ìyá Agbẹ̀bí wá yọjú, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ó ti dá. Ó ti dá o, bàbá ọdẹ. Àṣàkẹ́ ní kí ẹ wọlé."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ̀ bóyá kí n wọlé tàbí kí n máa lọ. Àṣàkẹ́ wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ funfun, ọmọ náà wà ní àyà rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má rò pé mo ti dárí jì yín o. Mi ò tíì dárí jì yín. Ọwọ́ ló ń ro mí. Ẹ wá gbé e."

Mo gbé e.

Ọ̀rọ̀ mi parí síbẹ̀. Mi ò ka ọmọ títí di òní, ẹ má sì bi mí ní iye kankan. Ṣùgbọ́n bí àwọn obìnrin bá tún kọ ìwé wọn nínú ìlú yìí, tí àgbà kan bá na ọwọ́ pé òun fẹ́ ya á nítorí àṣà, kó kọ́kọ́ wá bá mi jà ná. Ẹni tó bá sì ní irọ́ ni mo pa, àkàbà wà lẹ́yìn ilé. Kó gun òrùlé yẹn lọ́sàn-án gangan, kó fi àtẹ́lẹwọ́ kan awo dúdú yẹn. Bí kò bá jó o lọ́wọ́, kó sọ̀kalẹ̀ wá pè mí ní òpùrọ́ lójú mi.